Pátákó Iwájú Ilé Kóòṣì Delbert

Tẹ́ ẹ bá gba àdúgbò wa kọjá ní Bascomb lọ́dún yẹn, ẹ ó rò pé Kóòṣì Delbert Mabry ń sá kúrò nílùú ni. Pátákó kún iwájú ilé ẹ̀ bí olú tó hù lẹ́yìn òjò, gbogbo wọn sì ń wí nǹkan kan náà: ILÉ YÌÍ WÀ FÚN TÍTÀ. Kò kúkú sẹ́ni tó fẹ́ ta ilé. Bí ìlú wa ṣe máa ń sọ fún kóòṣì pé kó máa lọ nìyẹn. A kì í bú èèyàn lójú, onígbàgbọ́ ni wá.

Òdìkejì ilé ẹ̀ ni mò ń gbé. Àga mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú mi sì ń ríran dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí bí mo ṣe mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Bọ́ọ̀lù tá à ń gbá ní Alabama níbí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá. Wọ́n á wó ara wọn lulẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á tún wó ara wọn lulẹ̀. Ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Àmọ́ tó bá ti dójú ẹ̀, tí gbogbo géńdé yẹn ò rọ́nà kọjá mọ́, wọ́n á wá ké sí ọmọ tín-ín-rín kan tí aṣọ ẹ̀ ò tíì dọ̀tí, pé kó wá fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì kọjá. Tó bá wọlé, àwọn géńdé ló ṣiṣẹ́. Tí ò bá wọlé, ọmọ yẹn ló ba ayé gbogbo wa jẹ́. Iṣẹ́ Delbert ni kó kọ́ ọmọ yẹn, àti ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láàárín itan, àti ẹni tó ń kúnlẹ̀ gbé e ró kí wọ́n tó gbá a. Àwọn kóòṣì tó kù ló ni ìyókù, pẹ̀lú gbogbo ìyìn tó wà níbẹ̀.

Orúkọ ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ni Ìbaaka. Ẹ gbọ́ ná: ẹranko tí kò mọ iṣẹ́ méjì ju kó ta èèyàn nípàá lọ, òun la fi sórúkọ, a ò wá rẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá.

Ọmọ àgbẹ̀ ẹ̀pà ni Delbert, láti Georgia. Ọrùn ẹ̀ gùn, ó sì máa ń tẹjú mọ́lẹ̀ tó bá ń rìn, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Òun náà fẹsẹ̀ gbá a nígbà tó wà léwe, wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n. Àtìgbà tó ti di kóòṣì ni wọ́n ti ń lé e kiri. Wọ́n lé e ní Mississippi, wọ́n lé e ní Tennessee, wọ́n lé e ní Kansas níbi tí afẹ́fẹ́ pàápàá ti bá wọn lé e. Tí wọ́n bá bi ọmọ ẹ̀ obìnrin pé ará ibo ni, á ní kí wọ́n jẹ́ kóun ronú ná. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, páálí ló kún bẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n fi okùn so ó pọ̀, ó ń dúró de ìparí sáà bọ́ọ̀lù.

Ronelle ìyàwó ẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Obìnrin kúkúrú, ọwọ́ ẹ̀ le, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìlú tí wọ́n bá kó dé, ó máa ń gbin igi ọ̀pọ̀tọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí Ronelle jẹ èso ẹ̀ rí. Wọ́n á ti kó kúrò kí igi tó mọ̀ pé ó ti tó so. Èyí tó gbìn sí Bascomb ti ga tó èjìká ẹ̀ lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ó ń bu omi sí i lọ́jọ́ kan nígbà tó sọ fún mi.

"Mama Odessa, tí wọ́n bá tún lé e níbí, òun nìkan ni yóò lọ. Mi ò ní fi igi yìí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Ṣé o ti sọ fún un?"

"Mo ti sọ fún un. Ó ní ká jẹ́ kí sáà parí ná."

Sáà wá bẹ̀rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn jù ú kọjá lórí gbogbo èèyàn, ni Tate Loudermilk, ọmọ tó ń fẹsẹ̀ gbá a fún wa, bá ń lé e lọ bí ẹni ń lé adìẹ ọdún. Nígbà tó ṣe, Tate gbá a dáadáa, bọ́ọ̀lù lọ bá ìdí ọ̀kan nínú àwọn tiwa, ó fò padà sọ́wọ́ àwọn ọ̀tá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́wàá ni wọ́n rán wọ pápá dípò mọ́kànlá.

Mo bá ọmọ àbúrò mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Hoyt onígbàjámọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mo bá Delbert lórí àga. Hoyt ti fi abẹ lé e lọ́rùn.

Hoyt ní, "Kóòṣì, ojú ni Tate ń gbé sókè kíákíá jù. Ẹ ní kó tẹjú mọ́lẹ̀!"

"Mo gbọ́, Hoyt."

"Ẹ̀wẹ̀, mọ́kànlá ni òfin wí, mẹ́wàá lẹ rán wọlé. Ṣé ẹ ò mọ èèyàn kà ni?"

"Ẹnì kan lọ tọ̀."

"Kí ni ò jẹ́ kó tọ̀ nílé?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Delbert ò mira, ta ló máa mira pẹ̀lú abẹ lọ́rùn? Hoyt tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ẹsẹ̀ yìí, tó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ di ògiri mú.

Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní kí Tate bọ́ síwájú, ká na ọwọ́ wa sí ẹsẹ̀ ẹ̀. A na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ òsì, a gbàdúrà títí òógùn fi bò wá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ọmọ náà fi ń gbá a. Ó tijú àtisọ fún wa. Díákónì Pruitt lohùn ẹ̀ ròkè jù. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo rí Díákónì kan náà tó kúnlẹ̀ níwájú ilé Delbert, tó ń ri pátákó mọ́lẹ̀, tó ń fọwọ́ pa iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbin tòmátò. Ojú wa ṣe mẹ́rin.

"Ẹ káàárọ̀, Mama Odessa."

"Ẹ kú iṣẹ́, Díákónì."

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Hoyt ló fi tiẹ̀ lélẹ̀ ṣáájú gbogbo ayé, àwọn tó kù wá tẹ̀ lé e. Ẹ wá wo ohun tí Delbert máa ń ṣe: á jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ife kọfí, á fa pátákó tu, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀ dànù, á gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Nígbà tó pọ̀ tó, ó fi kọ́ ilé adìẹ. Ó fi ṣe ògiri, ó fi ṣe òrùlé. Àwọn adìẹ yẹn nìkan ló ń gbé nínú ilé tó wà fún títà láìsí ẹni tó ń lé wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà rèé. Ọkọ àti ìyàwó kan láti Ohio ń wa mọ́tò kọjá, eyín ni ọkùnrin náà ń tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò mọ Ìbaaka, wọn ò mọ Tate. Pátákó ni wọ́n rí, wọ́n bá dúró. Ronelle ń bomi sí ọ̀pọ̀tọ́.

"Ẹ káàsán o, mà. A rí pátákó yín."

Ronelle ní, "Gbogbo ayé ló rí i."

"Ṣé òrùlé ò jò?"

"Kò sóhun tó ń jò níbẹ̀ àfi ẹgbẹ́ ọkọ mi."

Kò yé wọn. Wọ́n ní ilé náà wù wọ́n, pàápàá igi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yẹn. Ronelle ti fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yé wọn nígbà tí Delbert dé láti ibi iṣẹ́. Ó dúró gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sọ pé rárá. Ó gba nọ́ńbà fóònù ọkùnrin náà lórí bébà kékeré kan, ó fi í sínú fìlà ẹ̀.

Wọ́n lọ tán, Ronelle bi í, "Kí lo fẹ́ fi nọ́ńbà yẹn ṣe?"

"Kò sóhun tó burú nínú kó wà lọ́wọ́ èèyàn."

Ronelle wọlé. Bó ṣe pa ilẹ̀kùn dé, ife tíì mi mì lórí tábìlì ní òdìkejì títì níbí.

Ó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn, àwa àti Wexley. Ronelle wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Mama, ẹ bá mi lọ. Mi ò lè dá jókòó." Mo di ẹ̀pà sísè sínú ọ̀rá, mo tẹ̀ lé e. Hoyt àti Díákónì wà lẹ́yìn wa gan-an, wọ́n ń kí Ronelle bí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn.

Kóòṣì àgbà wa ni Burl Hatcher. Àwòrán ẹ̀ ló wà lára ògiri pápá, eyín ẹ̀ funfun, tóbi tó ilẹ̀kùn. Nígbà tí àkókò tó kù ò tó kéèyàn fi sín, àmì méjì ni Wexley fi ju wa lọ. Bí Tate bá gbá a wọlé, àmì mẹ́ta nìyẹn, àwa la borí. Tí ò bá wọlé, gbogbo wa mọ ẹni tó máa di páálí.

Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ó lọ tààrà. Wọ́n gbé e ró, kò mì. Tate gbá a. Bọ́ọ̀lù gbéra, ó gba àárín òpó méjèèjì kọjá gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ẹni ń relé ẹ̀. Ronelle fò sókè, ẹ̀pà mi dà sílẹ̀, Díákónì dì mọ́ mi, mo sì jẹ́ kó dì mọ́ mi.

A wá rí rẹfirí tó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Fèrè ti dún ṣáájú. Wọ́n ti dá eré dúró kí Tate tó gbá a, gbígbá yẹn ò kà. Ta ló dá a dúró? Ẹ má wo Wexley o. Hatcher tiwa ni, torí kóòṣì àgbà lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n dá eré dúró. Ó ní òun ka àwọn ọmọ tó wà lórí pápá, òun rí mẹ́wàá. Mọ́kànlá ni wọ́n. Èyí tó kúnlẹ̀ tó fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù ró ni kò kà.

Wọ́n ní kí Tate tún un gbá. Mo rí ọmọ náà tó wo Delbert, Delbert sì mi orí sí i jẹ́jẹ́. Bọ́ọ̀lù gbéra, ó lọ sọ òpó òsì gbàgà, ó já bọ́ síwájú wa níbẹ̀.

Hoyt kígbe, "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ojú ló gbé sókè!"

Mo yíjú sí i. "Hoyt, kóòṣì àgbà yín ni ò mọ èèyàn kà."

"Mama Odessa, ẹ jẹ́ ká fi àwọn àgbà sílẹ̀."

Hatcher bọ́ sórí rédíò lọ́jọ́ Ajé. Ó ní òun lòun ni gbogbo ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà, òun ò ní gbé e lé ẹnikẹ́ni lórí. Lẹ́yìn náà ló lé Delbert.

Wọn ò tíì lé e tán tí fóònù fi dún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Oklahoma ló ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ẹsẹ̀. Àwọn kóòṣì yìí, bí abọ́ oúnjẹ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n rí, láti ilé kan sí òmíràn, wọn kì í fọ̀ ọ́. Delbert fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yọ nọ́ńbà inú fìlà, ó pe ọkùnrin Ohio, ìyẹn ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an.

Ronelle ò bá a jà. Ó jáde, ó fa pátákó Díákónì Pruitt tu níwájú ilé, ó bu ọ̀dà dúdú, ó kọ nǹkan sẹ́yìn ẹ̀. Ó wá rì í mọ́lẹ̀ padà síbi tó wà, àmọ́ ẹ̀yìn yẹn, ẹnu ọ̀nà ilé tiwọn ló dojú ẹ̀ kọ. Mo sún àga mi síwájú díẹ̀.

Delbert gbé páálí máyà jáde, ó dúró.

"Ronelle, kí lèyí?"

"Kà á."

"Ilé yìí kì í ṣe títà."

"O kà á pé. Hatcher ì bá fo ọ̀kan."

"Oklahoma ń retí wa."

"Oklahoma ń retí ìwọ. Èmi, ọ̀pọ̀tọ́ ni mò ń retí."

Ó dúró pẹ̀lú páálí náà, ọrùn ẹ̀ gùn sí i. "Iṣẹ́ wo ni màá wá ṣe? Iṣẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

"Kò sẹ́ni tó gbà pé o mọ ìyẹn pàápàá."

Ẹ̀rín bọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Delbert yíjú. "Mama Odessa, ẹ ń gbọ́ wa ni?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ máa bá a lọ."

Ibẹ̀ ni mọ́tò Ohio bá wọn. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó nawọ́ sí pátákó. "Ó dára bẹ́ ẹ ò ṣe tíì yọ ọ́."

Ronelle ní, "Apá ìta lẹ kà. Ẹ bọ́ síbí, ẹ wá ka ti inú."

Ó bọ́ síbẹ̀, ó kà á. Ó yí padà ka ti ìta. Ó wo Delbert. "Sà, èwo la máa gbà nínú méjèèjì?"

Delbert yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó wo ìyàwó ẹ̀, ìyẹn ti padà sídìí igi, ó ń bomi sí i bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan lójúde. Ó gbé páálí kalẹ̀, ó yọ bébà kékeré yẹn nínú fìlà. "Ẹ gba nọ́ńbà yín, sà. Ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ pe Oklahoma. Ó ti fèrèsé, mi ò gbọ́ ohun tó sọ, àmọ́ kò pẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ màlúù àti ìṣó ló ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Ọ̀pọ̀tọ́ so. Àwọn ẹyẹ ló jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀, Ronelle sì bu díẹ̀ sínú àwo wá fún mi. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Mo yìn ín títí, torí mo mọ iye ìlú tó ti gbà kọjá kó tó dé ẹnu mi.

Nígbà tí sáà tuntun dé, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Kansas pé kó wá kọ́ wọn ní ẹsẹ̀. Èmi náà wà ní pápá. Delbert jókòó ti Hoyt, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà nínú ọ̀rá kan. Wọ́n ní kí ọmọ tuntun gbá a, ó gbá a, bọ́ọ̀lù lọ bá àwọn afunfèrè. Gbogbo èèyàn yíjú sí Delbert, wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí ọkùnrin tí wọ́n lé máa wí. Ó tu èèpo ẹ̀pà dànù.

Ó ní, "Ojú ló gbé sókè kíákíá jù."

Hoyt gbá a lẹ́yìn tayọ̀tayọ̀. "Ṣé o rí i! Kí ni mo ti ń sọ fún ẹ?"

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, pátákó kan ti wà níwájú ilé kóòṣì tuntun lókè títì wa. Mo wo ilé adìẹ òdìkejì. Pátákó kan ti kúrò lórí òrùlé ẹ̀, adìẹ kan yọrí jáde níbẹ̀, ó ń wò mí. Delbert wà lójúde pẹ̀lú ife kọfí, iyẹ̀pẹ̀ sì wà lórúnkún ẹ̀.

Mo ní, "Kú iṣẹ́ o, Delbert."