Ìhà Tí Kò Sẹ́ni Tó Fi Ilẹ̀kùn Sí

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì kéré nígbà náà, kíláàsì karùn-ún ni mo wà ní Ọ̀fà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí wákàtí iṣẹ́ ọwọ́: amọ̀ lábẹ́ èékánná, kúkúndùnkún sísun nínú àpò, ìwé tí òróró àkàrà ti ta sí.

Tíṣà Àyìndé tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ọwọ́ ní òfin kan. Bí a ṣe ń ṣe nǹkan la gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tí a kọ́kọ́ rò, ohun tí a yí padà, àti ìdí rẹ̀. A kò gbọdọ̀ pa àṣìṣe rẹ́. Ìlà kan la ó fà lé e, kó ṣì ṣeé kà. Ẹni tó bá pa á rẹ́ á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ sókè títí di àkókò oúnjẹ ọ̀sán.

Lọ́jọ́ náà ó ní ilé ìwé fẹ́ kọ́ yàrá iṣẹ́ ọwọ́ sẹ́yìn kíláàsì wa. Kí kálukú fi amọ̀ mọ bó ṣe yẹ kó rí, kó kọ ìdí rẹ̀, kó má wo ti ẹlòmíràn.

Nígbà tó ka ìwé wa tán, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó fi ilẹ̀kùn sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, bẹ́ẹ̀ ìhà ibẹ̀ ni ọ̀nà wà. Èmi kọ ọ́ pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ á máa wọ̀ wá lójú. Sàlámátù ní eruku ni. Ràfíù fa ìlà lé gbogbo ìdí tó kọ́kọ́ kọ, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé: "Ọwọ́ mi kò lọ síbẹ̀."

Bírìkìlà tí wọ́n pè láti Ìjàgbò ti ri èèkàn ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ kékeré ni yóò máa gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Tíṣà ní kó dúró ná.

"Tíṣà, ṣé àwọn ọmọ yìí ló wá di ọ̀gá mi?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gún ilẹ̀ ibẹ̀ wò."

"Ilẹ̀ tí mo dúró lé láti àárọ̀? Ó dáa, kí ọkàn yín lè balẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé irin ìgbẹ́lẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa tẹ́tí. A kò gbọ́ ìgbà tó balẹ̀.

Bàbá fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri kíláàsì. Tíṣà rọra bi wá ta ló sọ fún wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Ọ̀gá àgbà ní kànga àtijọ́ ni. Ó ṣeé ṣe. Ìyá àgbà tó ń gbé nítòsí ní òun kò gbọ́ ọ rí pé kànga wà níbẹ̀. Ìyẹn náà kò fi ìdí ohunkóhun múlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìró ẹsẹ̀ wa yàtọ̀ níbẹ̀ tí a bá ń ṣeré, tí ara sì ti mọ̀ ká tó mọ̀. Mi ò lè búra. Wọ́n da òkúta síbẹ̀ títí ó fi kún, wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn sí ìhà ìlà oòrùn.

Ní yunifásítì tí mo ti kọ́ nípa yíya àwòrán ilé, èyí tó parí, tó mọ́ tónítóní, nìkan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ wa dára ju ti amọ̀ lọ. Àmọ́ tí mo bá wò ó, mi ò rí ibi tí ọwọ́ ti yà, tàbí ohun tó yà á.

Mo dé Ọ̀fà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yàrá náà ṣì dúró. Ìsinmi àárọ̀ ni mo bá, oòrùn ti mú, ògiri ìhà ìwọ̀ oòrùn nìkan ló sì ní ibòji. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tiwa ń jẹun lọ́wọ́. Inú oòrùn ni gbogbo wọn jókòó sí.