Ọwọ́ Tó Ń Di Àkàbà Mú

Iṣẹ́ akunlé ni bọ̀dá mi ń ṣe. Lókèlókè là ń pè wọ́n, nítorí ibi tí òòyì ti ń kọ́ ẹlòmíràn ni ọkàn tiwọn ti ń balẹ̀. Wọn kì í wo ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ nawọ́ jìnnà, wọ́n á kàn béèrè pé, "Ṣé o dì í mú?" Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á dáhùn láti ìdí àkàbà pé, "Mo dì í mú." Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ dáhùn bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà ni ọwọ́ rẹ̀ ń rò. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àkàbà yọ̀, orí bọ̀dá mi sì gbá sìmẹ́ńtì.

Ojú ọgbẹ́ jinná. A ti ń dúpẹ́ kí wárápá tó dé ní oṣù keje lẹ́yìn ìṣubú náà, níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Dókítà ní orí tí wọ́n fi gbá ilẹ̀ ló fà á, kì í ràn, kí wọ́n máa lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n má sì gun àkàbà mọ́. Gbogbo wa la gbọ́ "kì í ràn" yẹn. Síbẹ̀, òkèèrè ni àwọn ará ilé ti ń wò wọ́n bí igi gogoro. Ọ̀rẹ́ wọn ò yà mọ́. Èmi tí mo ń dá wọn lẹ́jọ́ yìí ńkọ́? Mo ya ife bọ̀dá mi sọ́tọ̀. Wọ́n rí i. Ojú ṣì ń tì mí.

Ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ni wọ́n ń gbà kùn báyìí, àwọn nìkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé oúnjẹ lọ. Mo bá wọn lórí korobá ọ̀dà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń nàgà. Mo gbọ́ tí wọ́n béèrè nínú yàrá òfìfo pé, "Ṣé o dì í mú?"

Wọ́n dúró de ìdáhùn.

"Bọ̀dá mi, kí ni dókítà sọ fún yín?"

"Ó ní kí n má gun àkàbà. Kò dárúkọ korobá."

Láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti dé, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n rí. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí wọn mú.

"Mo dì yín mú."

Wọn ò nàgà. Lókèlókè wo ìsàlẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ mi ọ̀tún, wọ́n wo tòsì, kí wọ́n tó na búrọ́ọ̀ṣì sí ògiri.