Ojú Bàbá Mi Lókè Ààrò

Ère orí olóyè tí ẹ ń rí nínú àwọn ọ́fíìsì Wharf Road, tó ń dán gbinrin, ìda oyin ló kọ́kọ́ jẹ́. Màá fi ọwọ́ mọ ọ́n, màá fi amọ̀ bò ó, màá gbé e sínú iná. Ìda á yọ́ jáde, ihò á kù nínú amọ̀, idẹ gbígbóná á sì gba àyè rẹ̀. Ìda ò ní padà wá mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, síbẹ̀ ó ṣì máa ń ṣe mí bí àlá.

Ajégúnlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kì í ṣe orí nìkan ni mò ń dà o. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ife bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò, ọwọ́ ìlẹ̀kùn mọ́sáláṣí, gbogbo rẹ̀ ni. Idẹ àlòkù láti àwọn yáàdì Creek Road ni mò ń yọ́. Bí pùròpẹ́là, idẹ tó ń yí lábẹ́ omi láti ti ọkọ̀ lọ, bá kán, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Apẹja kan wà tí kò gbọ́ Yorùbá dénú, kì í gbé tiẹ̀ sílẹ̀ láìkìlọ̀: "Àǹtí Onídẹ, abeg, no go use my propeller mold person head o!" Èmi náà á ní, "Bó o bá pẹ́ kó o tó wá gbé e, orí ẹ gan-an ni màá fi dà!"

Marine Beach ni ìyá mi ti ń yan ẹja. Ibẹ̀ náà ni bàbá mi ti wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun nígbà tí oyún mi ṣì wà nínú, tí kò sì padà. Àwòrán kan ṣoṣo tó ní, omi òjò wọlé, ó bà á jẹ́. Èmi tí mò ń mọ ojú olójú káàkiri Àpápá, n ò mọ ojú bàbá mi. Ó ń dùn mí, n ò ní purọ́.

Ẹ má bínú pé mò ń pe ìyá mi ní "wọ́n", tí mò ń pe bàbá mi ní "ó". Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn: "Ó yájú. Ó rẹwà. Kì í gbọ́ràn." Ọ̀dọ́ ló wà nígbà tó lọ, ọ̀dọ́ ló sì wà lẹ́nu wọn títí mo fi dàgbà.

Nígbà tó yá, ojú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní kò sí àtúnṣe. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní àwọn ṣì ń rí bàbá mi dáadáa nínú, àmọ́ ẹ̀rù ń ba àwọn pé bí ìta bá ṣú tán, inú náà lè ṣú. "Bù fún mi nínú ìda yẹn," wọ́n ní. "Èmi ni màá mọ ọ́n. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n rí."

Bí ìyá mi ṣe di ọmọṣẹ́ mi nìyẹn. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dijú, ọwọ́ wọn tí òórùn ẹja kì í kúrò lára rẹ̀ ń rìn lórí ìda. Ọkọ̀ ń fọn fèrè ní ebúté, ọyẹ́ bo gbogbo àdúgbò, mi ò rí ohun tó jọ òótọ́ mọ́ àfi ọwọ́ yẹn. Imú ló kọ́kọ́ yọ. Ètè tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Wọ́n dé àgbọ̀n, wọ́n dúró. "Ibí ni mo máa ń dì mú." Ojú tì mí, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọ̀dọ́kùnrin kan ń wò mí látinú ìda. Báwo lèèyàn ṣe ń kúnlẹ̀ kí bàbá tó kéré síni?

Mo fẹ́ fi amọ̀ bò ó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní rárá, kó wá sun ọ̀dọ̀ àwọn ná, ó ti pẹ́ tó ti kúrò nílé. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀ o. Òun nìkan la ní."

"Èmi tí mo bí ẹ, ìwọ lò ń kọ́ mi ní ìtọ́jú?"

Wọ́n sì tọ́jú ẹ̀ lóòótọ́. Nílé wa, ohun tó bá ṣe iyebíye, orí àjà lókè ààrò là ń gbé e sí, kí èéfín lè lé kòkòrò àti eku fún un. Ibẹ̀ ni ẹ̀gúsí ń wà, ibẹ̀ ni ẹja tó dára jù ń wà. Ibẹ̀ ni ìyá mi gbé ọkọ wọn sí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n dáná ẹja bí wọ́n ṣe máa ń dá a.

"Yéè! Mo gbé o!" Èmi nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà. Ìda ti kán sórí ẹja. Mo sáré gbé orí náà sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wọ́ sílẹ̀, ojú ti wọnú, ètè ti rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú bí mi. "Màámi, ó tún ti lọ!"

Wọ́n nawọ́, mo gbé e fún wọn. Wọ́n fọwọ́ wá imú, wọ́n wá ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n dé ibi àgbọ̀n tí wọ́n máa ń dì mú.

"Háà," wọ́n ní, "ó ti darúgbó."

Wọ́n yí ojú rẹ̀ sí mi.

"Wo abẹ́ ojú ẹ̀. Èmi ń dàgbà, òun ń ṣọmọdé lọ ní tiẹ̀, ojú ti ń tì mí níwájú ẹ̀. Ó wá ti bá mi báyìí."

Mo ní kí n fi ìda tuntun tún un ṣe, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. "Dà á bó ṣe wà. Àbí o ò mọ̀ ni? Ilé ọba tó jó…" Wọ́n dúró kí n parí ẹ̀. Ẹkún ò jẹ́.

Nígbà tí apẹja yẹn gbọ́, òun fúnra ẹ̀ ló gbé pùròpẹ́là tó ti kán wá. "Àǹtí, take. Use am mold your papa head."

Ojú ìyá mi ti ṣú tán báyìí. Láàárọ̀, wọ́n á fọwọ́ pa àgbọ̀n idẹ yẹn, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀." Èmi náà á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò ṣòro mọ́. Bàbá mi, wọ́n ti dàgbà jù mí lọ.