Bàbá Ìbítóyè Kò Ní Dágbére fún Àpótí

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ní Kàbà nípa ọjọ́ tí Bàbá Ìbítóyè onífótò, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, fa wáyà kámẹ́rà rẹ̀ yọ lára kọ̀ǹpútà Florence bí ẹni hú ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ náà ṣì ń kó àwòrán lọ́wọ́ o! Florence, tó ni ṣọ́ọ̀bù, figbe ta.

"Bàbá! Mo ní kẹ́ ẹ dúró! Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ fún kọ̀ǹpútà pé a fẹ́ yọ kámẹ́rà, kó dáhùn pé ó yá."

"Sọ fún ta ni?" Ojú bàbá ti pọ́n. "Kámẹ́rà tèmi! Èmi tí mo ti ń ya fótò kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀, kí n máa tọrọ àyè lọ́wọ́ àpótí?"

"Ṣé ẹ máa ń kúrò nílé àgbà láìdágbére ni?"

"Èwo ni àgbà níbẹ̀? Èṣí lo rà á!"

Ọ̀rọ̀ yìí ká Florence lára. Ṣebí bàbá yìí kan náà ni, bí ọmọ bá jáde nílé rẹ̀ láìsọ pé "mo fẹ́ máa lọ", á pè é padà láti títì, á ní kó jókòó, kó tún dìde bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

Nígbà tí wọ́n tún so kámẹ́rà náà, àwòrán ti pòórá. Kò sí nínú kámẹ́rà, kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ìyá ìyá Rhoda, oníbàárà bàbá, ló yà síbẹ̀; abúlé Ayewa ni ìyá náà ń gbé, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn àgbà ilé wọn. Odidi ọdún mẹ́ta ni Rhoda fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà kí wọ́n ya òun.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá gun ọ̀kadà lọ sí Ayewa.

"Mo múra fún ọ lẹ́ẹ̀kan," ni ìyá jágbe mọ́ ọn. "Kí lo fi ṣe?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Mo kúrò níwájú ẹ̀rọ láìdágbére ni."

Kò yé ìyá rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí irùngbọ̀n funfun nínú eruku níbi tí bàbá dọ̀bálẹ̀ sí, ẹ̀rín pa á. Ẹ̀rín yẹn ni bàbá yà, òun ló sì wà lára ògiri Rhoda dòní.

Láti ìgbà náà, Bàbá Ìbítóyè á kọ́kọ́ kí kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà: "Okun o. A fẹ́ máa lọ." Florence á tẹ ibi tó yẹ. Bí ẹ̀rọ bá pẹ́ kó tó dáhùn, bàbá á gbaná jẹ: "Ìgbéraga wo rèé? Àní a fẹ́ máa lọ!" Síbẹ̀, kò ní fọwọ́ kan wáyà.

Lọ́jọ́ kan, ó sùn, kò jí mọ́. Wọ́n wá fótò rẹ̀ títí. Ẹni tó ya gbogbo ìlú, kò sẹ́ni tó ya òun! Ìkan tí Florence fi fóònù yà nìkan ni wọ́n rí: bàbá dijú mágbárí sí kọ̀ǹpútà. Òun ni wọ́n gbé síwájú pósí.

"Ta ló ń bínú sí báyìí?" Rhoda béèrè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu omijé.

"Ó ń retí èsì ni." Florence kọjú sí pósí, inú ń bí i tọkàntọkàn. "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pe ọmọ padà láti títì! Ẹ wá lọ báyìí láìdágbére? Ẹ padà wá, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ tún dìde dáadáa."