Opó Tó Rẹ́rìn-ín

Ìbínú mi kì í pẹ́ dé. Màmá mi máa ń sọ pé kí omi ẹlòmíì tó gbóná lórí iná, tèmi á ti hó dànù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Agbowó, mò ń ka ímeèlì kan tó bí mi nínú.

Ìparí àwọn ọdún 1990 ni. Ènìyàn díẹ̀ ló mọ ímeèlì í lò nígbà náà. Oníbàárà á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí pépà, èmi á tẹ̀ ẹ́, n ó fi ránṣẹ́ nígbà tí laìnì tẹlifóònù bá gbà fún wa. Bí èsì bá dé, n ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, wọn á wá gbà á. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Ẹni tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ti kà á tán kí ẹni tó ni í tó dé.

Ẹgbẹ́ kan wà tí mo máa ń bá ṣe iṣẹ́ yìí. Eré tẹlifíṣọ̀n Yorùbá kan ló dá wọn pọ̀. Eré náà ń dùn lọ, ṣàdédé ni wọ́n dá a dúró láì parí, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò gbà. Àwọn kan wà ní Ìbàdàn, àwọn kan ní Èkó, àwọn kan ti lọ sókè òkun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìyókù eré náà fúnra wọn, apá kan lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ń fi ímeèlì pín in láàárín ara wọn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó bá ní ọbẹ̀ kò dùn, òun ni yóò se tọ̀la. Bí o bá rí àléébù nínú apá kan, ìwọ lo máa kọ apá tó tẹ̀lé e. Òfin yìí ti kó ọ̀pọ̀ aláròyé níjàánu.

Ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Alájà wà nínú ẹgbẹ́ náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ilé rẹ̀ sì wà ní Mọ́kọ́lá, lójú ọ̀nà tí mo máa ń gbà lọ sílé. Lọ́dún yẹn ni ọkọ rẹ̀ kú. Alájà wọ tákàbá, ìgbélé tí opó Mùsùlùmí máa ń wà lẹ́yìn ikú ọkọ. Kò lè lọ sọ́jà, kò lè lọ sóde, kò sì lè wá sí ṣọ́ọ̀bù wa mọ́. Èmi ni mo wá di ẹsẹ̀ fún un. Nírọ̀lẹ́, n ó yà lọ́dọ̀ rẹ̀, n ó kó èsì fún un, n ó sì gba ohun tó bá kọ. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ náà pé ọkọ òun kú.

"Àwọn tó ń wá kí mi, ẹkún ni wọ́n ń gbé wọlé," ó sọ fún mi nígbà kan. "Ibi eré wa yìí nìkan ni wọ́n ti ń bá mi sọ nǹkan mìíì."

Nínú apá tí Alájà kọ gbẹ̀yìn, ọkọ kú nínú ìtàn náà. Ní ọjọ́ kẹta, tí ilé kún fún àwọn abánikẹ́dùn, opó náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ló jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí olóògbé ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kìlọ̀ fún àlejò pé kí wọ́n má jókòó lé, àga sì dojú bàbá náà bolẹ̀. Nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹni tó kọ ìdọ̀tí yìí kò tíì fojú kan ilé ọ̀fọ̀ rí. Opó wo ló ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kẹta? Bóyá òun ló pa ọkọ. Kí ẹni tó kọ ọ́ lọ kọ́ ìwà kó tó máa kọ ìtàn."

Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì ní òpin ọ̀sẹ̀, ìjà sì ti gbóná kí n tó dé. Àwọn ará ilé ń bú àwọn ará òkè òkun pé wọ́n ti sọ àṣà nù, àwọn yẹn náà ń dá a padà pé òpè ni wá. Ọmọbìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ alága wọn wá kọ tirẹ̀ sí i: bí èébú yìí kò bá dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ Ẹtì, òun yóò tú ẹgbẹ́ ká. Níbo ni Alájà á ti máa gbọ́ nǹkan mìíràn?

Mo ti tẹ èsì kan kí n tó mọ̀. Mo kọ ọ́ pé ọkọ ẹni tí ẹ ń bú ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, inú tákàbá ló wà, Ọlọ́run á sì dá a fún yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn á pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Àṣẹ ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló dá mi dúró, nítorí a kì í fi ohunkóhun ránṣẹ́ lórúkọ oníbàárà láìjẹ́ pé ó gbà. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí pépà, tiwọn àti tèmi, mo sì kó o lọ sí Mọ́kọ́lá.

Alájà jókòó lórí ẹní, ó fi gíláàsì sójú, ó ń kà á. Nígbà tó dé ibi "bóyá òun ló pa ọkọ," ó dúró. Ẹnìkan nínú ẹbí ọkọ rẹ̀ ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní pálọ̀ yẹn, lójú mi. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ó gbé tèmi sókè. "Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ya á."

"Ẹ̀yin Alájà! Ẹ ò rí bó ṣe bú yín ni?"

"Ojú ò fọ́ mi. Ṣùgbọ́n tóo bá sọ fún wọn pé opó ni mí, gbogbo wọn á dọ̀bálẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá kọ ìkọkúkọ, wọn á ní ó dùn. Wọn á wá máa bá mi sunkún níbẹ̀ náà."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ dìde kí n máa lọ. Mo ya ìwé náà. Alájà ti padà sórí ohun tí ọkùnrin náà kọ.

"Ó sì rí nǹkan kan o," ó ní. "Mo jẹ́ kí ẹni tó ń kà á gbọ́ ẹ̀rín kó tó rí àga. Bí mi ò bá mọ̀dí ẹ̀, èmi náà á bínú."

Ó ní kí n mú bírò. Ohun tó pè fún mi kò gùn: "Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun tí ẹ kà á. Òótọ́ ni, ó yẹ kí àga ṣáájú ẹ̀rín, n ó tún un tò. Ṣùgbọ́n opó náà rẹ́rìn-ín, n kò ní yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìwà tí ẹ sọ kì í ṣe ara ìtàn. Ẹ bá mi yọ ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèjà mi, ẹ má bú wọn mọ́. Apá tó kàn dọwọ́ yín, sà."

Mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú, kò sí èsì. Lọ́jọ́bọ̀, laìnì kò gbà rárá, mo sì bú gbogbo ẹni tó wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ìtàn tuntun wọlé láti Amẹ́ríkà. Ọkùnrin náà fi ìlà kan ṣáájú rẹ̀: "Mo ti yọ ọ̀rọ̀ ìwà." Kò bẹ̀bẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alága náà kò tú ẹgbẹ́ ká.

Nínú ohun tó kọ, opó náà ń sunkún ṣáá. Ó sunkún níbi kànga, ó sunkún níbi tó ti ń ká aṣọ ọkọ rẹ̀, ó sunkún sùn, ó sunkún jí. Gbogbo ẹgbẹ́ ní ó dùn. Irọ́ ni wọ́n ń pa, ẹ̀rù ìjà ló ń bà wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni tákàbá Alájà parí. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, nínú àǹkárá tuntun, ó ní kí n dìde lórí àga kí òun tẹ ọ̀rọ̀ òun fúnra òun. Ìka kan ló ń lò. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń kà á bó ṣe ń jáde: "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ibi tó ti ń ká aṣọ wọ̀ mí lára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹkún yìí pọ̀ jù, apá tó kàn sì dọwọ́ mi. Ebi máa ń pa opó. Ẹ jẹ́ kó jẹun."

Ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, mo sì wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sunkún tèmi.