Ta Ló Lè Pe Bàbá Màámi Lórúkọ?

Màámi ló kọ́kọ́ rí ìwé ìkéde náà, kì í ṣe èmi. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìkàwé àdúgbò wa ní Scarborough, ní Kánádà, níbi tí Màámi fẹ́ràn láti máa jókòó sí lọ́sàn-án nítorí pé inú ibẹ̀ tutù ju ilé wa lọ. Màámi ò gbọ́ òyìnbó, wọn ò sì lè kà á, àmọ́ wọ́n rí àwòrán sọ́jà lára ìwé náà, wọ́n bá dúró síwájú rẹ̀. Wọ́n ní, "Wá ka ohun tí wọ́n kọ síbí fún mi." Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, oorun nìkan ló wà lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa bá ìyá ẹ̀ jà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé? Mo kà á.

Àwọn ará àdúgbò fẹ́ ṣe ìrántí ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ṣẹ́gun nínú ogun àgbáyé kejì. Ẹnikẹ́ni tí bàbá rẹ̀ tàbí bàbá àgbà rẹ̀ bá jagun náà, láti orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, kó mú àwòrán rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò. Wọn á pe orúkọ sọ́jà náà, gbogbo èrò á sì dáhùn pé àwọn rántí rẹ̀, àwọn sì dúpẹ́.

Màámi ní, "Tún un kà."

Bàbá Màámi lọ sógun Bọ́mà. Mo bá wọn láyé níwọ̀nba. Ohun tí mo rántí ni pé wọ́n máa ń tò wá sójú kan bíi sọ́jà ká tó lọ pọn omi, ẹni tí kò bá gbé ẹsẹ̀ dáadáa á padà sẹ́yìn. Bàbá Bọ́mà ni gbogbo àdúgbò wa n'Íbàdàn ń pè wọ́n. Èmi rò pé oyè ni. Màámi ló wá là mí lóye lọ́jọ́ náà, bí a ṣe ń rìn lọ sílé. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ ni. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa sáré tẹ̀lé bàbá wọn lẹ́yìn, wọ́n á ní, "Bàbá Bọ́mà, ẹ yìnbọn ká gbọ́!", àwọn àgbà tó yẹ kó bá wọn wí á sì máa rẹ́rìn-ín. Ìjọba òyìnbó ò dúpẹ́, tiwa náà ò dúpẹ́. Ọkùnrin náà kú láìgbọ́ "ẹ ṣé" lẹ́nu ẹnì kan.

Màámi ní, "Tí mo bá lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí èèyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi ní gbangba, kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé, mo ti rí ohun tí mo wá rí ní Kánádà."

Mo ní, "Mo ṣebí àwọn ọmọ-ọmọ yín lẹ wá rí."

"Èwo nínú wọn? Àwọn tí mo ń bá sọ Yorùbá, tí wọ́n ń dá mi lóhùn lóyìnbó?"

Òótọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìrántí náà ni Màámi máa padà sílé, nítorí náà mi ò fi falẹ̀. Mo pe ìyá òyìnbó tó ń ṣètò rẹ̀ lórí fóònù, tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó bi mí pé kí lorúkọ sọ́jà wa. Ẹ wò ó, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti dàgbà tó báyìí láìmọ orúkọ bàbá ìyá mi. Ta ni mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Màámi ò jẹ́ pè wọ́n. Màmá àgbà, títí tí wọ́n fi kú, "bàbá àwọn ọmọ" ni wọ́n ń pe ọkọ wọn. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, aláìsàn ń tẹ agogo, mo bá sọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá Bọ́mà." Ìyá òyìnbó náà dúpẹ́, ó ní orúkọ tó rẹwà ni. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àwòrán bàbá wọn tí Màámi mú wá láti ilé lọ fún un.

Lọ́jọ́ ìrántí náà, oòrùn mú bí ẹni pé wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti ilé. Màámi wọ òfì. Mo ní ooru á pa yín o, wọ́n ní ṣé ooru tó pa àwọn n'Íbàdàn fún gbogbo ọdún wọ̀nyí kò tíì pa àwọn tán ni. Ọkọ mi, tí kì í ṣẹ̀ sí ìyá ìyàwó ẹ̀ lọ́nàkọnà, ní òfì náà yẹ wọ́n gan-an. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kó sọ́kọ̀, èmi, òun, Màámi, ọmọbìnrin mi, àti ike pọ́fù-pọ́fù ńlá kan tí mo dín láàárọ̀.

Inú gbọ̀ngàn náà dùn ún wò. Àwọn ọkùnrin kan ń fọn fèrè alápò, wọ́n wọ síkẹ́ẹ̀tì, irun ẹsẹ̀ wọn ń jó nínú afẹ́fẹ́ fáànù. Màámi fi gèlè bojú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwòrán sọ́jà kún ara ògiri, òyìnbó, dúdú, ará Ṣáínà, ará Jàmáíkà, ọmọdé ni gbogbo wọn, ojú wọn ń dán. Kí n tó yíjú padà, pọ́fù-pọ́fù mi ti tán. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dì mọ́ mi, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń dín in. Inú mi dùn, mi ò lè pa á mọ́ra.

Ìyá òyìnbó náà gorí pèpéle, ó kí gbogbo wa káàbọ̀. Ó na ọwọ́ sí bàbá arúgbó kan tó wé láwàní, tó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ lápá iwájú, àmì ẹ̀yẹ ogun tò sí wọn láyà. Ó ní nínú gbogbo wa, bàbá náà nìkan ló fojú ara wọn rí ogun ọ̀hún, pé ará Íńdíà ni wọ́n, Bọ́mà sì ni wọ́n ti jà. Gbogbo ilé dìde, a pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà la lọ wo àwòrán tiwa lára ògiri. Ọmọbìnrin mi ló ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sókè. "Bàbá Bọ́mà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màámi. "Ta ló ní kí wọ́n kọ ìyẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, Màámi. Orúkọ tí mo mọ̀ nìyẹn."

"Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́? Òun lo gbé wá síbi tí wọ́n ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

Ojú tì mí. Mo sáré lọ bá ìyá òyìnbó náà, ó sì yọ páálí tí wọ́n kọ orúkọ náà sí kúrò kíá, ó gbé àwòrán náà fún Màámi. Ó ní kò sí wàhálà, kí Màámi ṣáà dúró nídìí máìkì tó bá kàn wọ́n, kí wọ́n pe orúkọ bàbá wọn bó ṣe tọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màámi.

Màámi ní, "Èmi? Kí n dúró láàárín àwùjọ, kí n máa pe bàbá mi bí ẹni ń pe ọmọ tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀?"

Wàhálà dé. Ìyá òyìnbó náà ní òun á bá wa pè é. Màámi wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ ọdún mélòó nìyí?" Ìyẹn ni mi ò túmọ̀. Ọkọ mi ní kí ẹnikẹ́ni má wo ojú òun rárá, àna lòun. Ọmọbìnrin mi ní orúkọ lásán ṣáà ni, òun á pè é. Màámi wá wo èmi, bí ẹni pé àárín ewúrẹ́ ni mo ti tọ́ ọmọ náà dàgbà.

Àwọn ẹbí yòókù ń lọ sídìí máìkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á pe orúkọ, gbogbo ilé á dáhùn pé, "A rántí yín, a dúpẹ́." Ìlà ń kúrú. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní, "Màámi, wọn ò ní dúró dè wá o. Orúkọ kan péré, ẹ pè é ká lọ sílé." Mo wo Màámi, mo rí i pé wọ́n gbé àwòrán náà lé ẹsẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ nu gíláàsì rẹ̀. Bí ìbínú mi ṣe kú nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi fẹ́ ní gbogbo ìlú yìí ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe.

Màámi gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí àgbà nínú ilé yìí ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Kí n tó dáhùn, ojú wọn ti bọ́ sára bàbá oníláwàní. Wọ́n dìde. Wọ́n gba àárín èrò kọjá, àwòrán lọ́wọ́, èmi lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú àga náà, wọ́n kúnlẹ̀, eékún méjèèjì. Ọmọ bàbá náà, tó jókòó tì wọ́n, rò pé Màámi ṣubú ni, ó fò dìde.

Màámi ní, "Ẹ̀yin àti bàbá mi, ojú ogun kan náà lẹ lọ, ẹgbẹ́ ni yín. Èmi ò tó wọn pè. Kò sí ẹlòmíì níbí tó tó wọn pè. Ẹ bá mi pè wọ́n."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nílé tiwọn náà, ọmọ kì í pe bàbá lórúkọ. Wọ́n ní kí Màámi sọ ọ́ fún àwọn. Màámi fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sọ ọ́ sí bàbá náà létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí èmi tí mo dúró tì wọ́n ò gbọ́ nǹkan kan. Màámi ní sísọ fún àgbà kì í ṣe pípè.

Ìyá òyìnbó náà gbé máìkì wá. Bàbá oníláwàní na ẹ̀yìn wọn tán lórí àga, wọ́n sì pe orúkọ bàbá ìyá mi bí ọ̀gá sọ́jà ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láàárọ̀. Ó wọ́ díẹ̀ lẹ́nu wọn, àmọ́ ó dún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ẹ má retí kí n kọ ọ́ síbí, èmi náà ò tó wọn pè. Gbogbo ilé dáhùn, "A rántí yín, a dúpẹ́." Orí mi wú.

Màámi ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jókòó lọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú òfì olówó iyebíye. Nígbà tí fèrè alápò tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n jó o. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè jó sí irú fèrè yẹn. Ọmọbìnrin mi jó tẹ̀ lé wọn, èmi náà jó.

Bí ọmọ bàbá oníláwàní ṣe fẹ́ máa gbé wọn lọ, bàbá náà na ọwọ́ sí Màámi. Wọ́n béèrè nǹkan kan, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, mo ní láti tẹ orí ba kí n tó gbọ́. Wọ́n ní lójú ọ̀nà Bọ́mà, àwọn máa ń rí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń ru ẹrù ogun kọjá nínú ẹrẹ̀, wọ́n á juwọ́ síra wọn, wọn ò sì tún ní fojú kan ara wọn mọ́. Láti ìgbà náà làwọn ti ń rò ó. Ṣé èyí, bàbá Màámi, délé?

Màámi di ọwọ́ wọn méjèèjì mú. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé wọ́n délé. Ẹ̀yìn tí wọ́n dé ni wọ́n bí mi."