Ife Tí Ìyá Tíṣà Fọ̀

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Jacob Ìgè, nítorí náà ẹ má retí pé n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìṣe ojúsàájú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi wáyé ní Ẹdẹ, wọ́n sì ní láti ọjọ́ náà ni kò ti gbà láti ṣe nǹkan bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe é. Ọ̀ṣuntọ́lá, ìyá rẹ̀ tí í ṣe ìyá mi àgbà, ọlọ́ṣun ni títí ó fi kú, ọṣẹ dúdú ló sì ń sè tà. Ọṣẹ yìí ló fi rán Jacob lọ sílé ìwé àwọn oníjọ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú.

Jacob lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì wọ réluwéè padà wálé pẹ̀lú àpótí kan tí ìgò kún inú rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tí ìjọ dá sílẹ̀ ló gbà á síṣẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n kọ́kọ́ kó fún un, kó máa kọ́ wọn ní a-b-d. Ó ṣe é, ṣùgbọ́n ó bẹ ọ̀gá àgbà títí wọ́n fi gbà kó máa kọ́ kíláàsì tó ga jù ní físíìsì àti kẹ́mísírì, ohun tí a kò gbọ́ rí nílùú wa.

Irinṣẹ́ kò tó, ohun tó bá rí ló ń lò. Bó bá fẹ́ fi han àwọn ọmọ pé ooru máa ń mú irin gùn, yóò kó wọn lọ sẹ́bàá ọ̀nà réluwéè láàárọ̀ ọyẹ́, kí wọ́n wo àlàfo tó wà láàárín irin kan sí èkejì. Lọ́sàn-án gangan, yóò tún kó wọn padà lọ wo bó ṣe há. Àwọn òbí ní ó ń kó ọmọ àwọn rìn gbéregbère. Bí mo bá rántí àwọn òbí náà, inú a máa bí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì bí mi nígbà náà.

Ẹjọ́ wọn dé etí ìjọba. Wọ́n ránṣẹ́ pé ìńsípẹ́kítọ̀ òyìnbó kan ń bọ̀ wá wo ẹ̀kọ́ náà. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò ti kíláàsì náà pa, Jacob yóò sì padà sídìí a-b-d.

Àyà Jacob já, nítorí ikán ti jẹ bébà òyìnbó tó fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun kíkan àti omi eérú. Àmọ́ ó ti rí i pé omi ìṣápá pupa lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá kán sí i, á túbọ̀ pọ́n. Bí omi eérú bá kán sí i, á di àwọ̀ ewé. Ó se ìṣápá rẹ̀, ó ṣan àwọn ife gíláàsì rẹ̀, ó fi aṣọ bò wọ́n nílé, ó sì lọ sùn.

Ọ̀ṣuntọ́lá jí ní ìdájí. Ó ní òyìnbó kò ní í wá bá ife ẹlẹ́gbin níwájú ọmọ òun. Ó kó ife náà, ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n dáadáa. Ọyẹ́ ti mú omi inú ìkòkò gbẹ ku díẹ̀ tó fi fọ̀ wọ́n, odò Ọ̀ṣun sì jìnnà, nítorí náà kò ṣan wọ́n. Ó kàn da ìfófò rẹ̀ nù, ó sì dá wọn padà sábẹ́ aṣọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Jacob kó ife àti ìṣápá rẹ̀ lọ sílé ìwé. Nígbà tí ìńsípẹ́kítọ̀ jókòó tán ní kíláàsì, ó gbé ife òfìfo kan lọ́wọ́ kan, omi ìṣápá lọ́wọ́ kejì.

“Pupa ni omi yìí,” ó wí, “pupa ni yóò sì máa jẹ́ títí n ó fi bu omi eérú sí i.”

Ó da ìṣápá sínú ife, ó sì di àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀. Ó dán ife kejì wò, bákan náà ni. Òyìnbó yíjú sí ọ̀gá àgbà. Òógùn bo ọ̀gá àgbà nínú ọyẹ́.

Jacob gbé ife kẹta, ó gbóòórùn rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti mọ òórùn náà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín níwájú òyìnbó, ó sì na ife náà sí àwọn ọmọ.

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

Kẹ́hìndé, ọ̀kan nínú wọn, gbóòórùn rẹ̀. “Ọṣẹ ni, sà. Eérú ni wọ́n sì fi ń se ọṣẹ.”

“Báwo la ó ṣe dá pupa rẹ̀ padà?”

“Ọsàn wẹ́wẹ́, sà,” gbogbo wọn dáhùn.

Jacob fún ọsàn sí i, pupa sì padà. Òyìnbó dìde, ó gba ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un sínú ife kejì fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì pa dé mọ́. Ó ní kíláàsì náà kò gbọdọ̀ kú.

Nílé, ìròyìn ti ṣáájú Jacob dé. Ọ̀ṣuntọ́lá ń sunkún.

“Ìgè, mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Ṣé ife náà ò mọ́ ni?”

“Ó mọ́, ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ sì gbà mí lónìí.”

Jacob kọ́ni títí irun rẹ̀ fi funfun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ilé ìwé bá wọlé lọ́dọọdún, Ọ̀ṣuntọ́lá á ró aṣọ funfun rẹ̀, á kó ẹ̀gbà idẹ sọ́wọ́, á wá jókòó níwájú kíláàsì, á fọ ife kan láìṣan án. Tíṣà àgbà ni àwọn ọmọ ń pè é, inú rẹ̀ a sì máa dùn débi pé kì í jẹun títí di ọ̀sán.

Lọ́dún tí Ọ̀ṣuntọ́lá kú, Jacob mú ọṣẹ tó gbẹ̀yìn nínú èyí tí ìyá rẹ̀ sè, ó sì fọ ife náà fúnra rẹ̀ níwájú kíláàsì. Kò ṣan án. Lẹ́yìn náà ló da ìṣápá sí i, ó di àwọ̀ ewé, àwọn ọmọ sì pàtẹ́wọ́ fún ìyá mi àgbà.